Ikọ́ Àràmídé Tí Ọkọ̀ Fi Ń Mọ̀nà Ilé

Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé òun mọ Àràmídé ayan-ẹja ju èmi Kọ́lájọ lọ, ẹ bi í léèrè ibi tó wà lọ́jọ́ tí wọ́n bí obìnrin náà. Èmi wà níbẹ̀. Inú ọkọ̀ mi ni mo wà lábẹ́ fèrèsé ilé wọn ní Abereke, ìlú wa létí òkun Ìlàjẹ, mo ń tún àwọ̀n ṣe. Bó ṣe ké igbe àkọ́kọ́ ni ẹja mẹ́ta fò láti inú omi bọ́ sínú ọkọ̀ mi. Ẹni tó bá ní mẹ́ta ti pọ̀ jù, mo lè dín in kù sí méjì nítorí àlàáfíà, ṣùgbọ́n mi ò ní sọ̀ kalẹ̀ ju ìyẹn lọ.

Èmi tí mò ń kọ̀wé yìí náà kì í ṣe ẹni à ń fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Kíláàsì kẹta ni mo wà nígbà tí òkun gbé iléèwé wa lọ, àti bẹ́ǹṣì, àti pátákó, àti agogo. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń kọ́ ara mi. Kò sí bébà tí wọ́n fi di ẹja tí n kò kà tán kí n tó fọwọ́ kan ẹja inú rẹ̀. Ìwé inú páálí oògùn, ìwé ìtọ́ni ẹ́ńjìnnì ọkọ̀, gbogbo rẹ̀ ló wà lórí mi níbí. Dókítà méjì ló ti bi mí pé yunifásítì wo ni mo lọ.

Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ Àràmídé. Obìnrin kúkúrú ni, alápá líle, ọmọ ọdún méjìléláàádọ́ta, opó Ògúnlànà tó máa ń fi òpá hun ìgèrè tí a fi ń dẹ ẹja. Ọmọ kan ṣoṣo ló bí, Promise, ìyẹn ló fi ń jẹ́ Ìyá Promise. Ẹja ló ń yan lójoojúmọ́ nínú ilé olópòó rẹ̀ tó dúró lórí omi, tó dojú kọ òkun. Ẹ̀rín rẹ̀ pọ̀, ẹnu rẹ̀ mú. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹ̀rín tàbí ẹnu ló sọ ọ́ di olókìkí. Ikọ́ ni.

Ó yẹ kí n ṣàlàyé, kí ẹni tí kò débẹ̀ rí má bàa rò pé orí wa ti dàrú. Igi ẹ̀gbà tó ń hù nínú omi iyọ̀ la fi ń yan ẹja ní Abereke, èéfín rẹ̀ kì í sì í ṣeré. Obìnrin tó bá ń yan ẹja dáadáa gbọ́dọ̀ máa wúkọ́. Àwọn oníbàárà tó ń ti Ìgbọ́kọ̀dá wá mọ̀ bẹ́ẹ̀. Kí ọkọ̀ wọn tó gúnlẹ̀, etí ni wọ́n kọ́kọ́ ń lò. Ilé tí wọn ò bá ti gbọ́ ikọ́, wọ́n á ní, "Iná ibí ò jó tó, ẹja wọn á rọ̀," wọ́n á sì kọjá. Beauty, tí ilé rẹ̀ tẹ̀lé ti Àràmídé, àyà rẹ̀ mọ́ tónítóní bí àwo tuntun, nítorí ibi tí atẹ́gùn kì í gbé èéfín dé ló máa ń dúró sí. Ṣùgbọ́n bó bá ti gbọ́ dìn-ìn ẹ́ńjìnnì lókèèrè báyìí, á sáré bọ́ síta, á bẹ̀rẹ̀ sí í fipá wúkọ́ títí ojú rẹ̀ á fi pọ́n.

Ikọ́ Àràmídé ni ọ̀gá gbogbo wọn. Ó ní ìbẹ̀rẹ̀, ó ní àárín, ó sì ní ègbè. Lásìkò ọyẹ́ tó kọjá, kùrukùru bo ojú òkun tó bẹ́ẹ̀ tí ẹyẹ ń fẹsẹ̀ rìn. Sunday awakọ̀ kó èèyàn mọ́kàndínlógún, wọn ò rí ọwọ́ ara wọn mọ́. Sunday pa ẹ́ńjìnnì, ó ní kí gbogbo wọn dákẹ́. Wọ́n dákẹ́. Láti ọ̀nà jíjìn ni wọ́n ti gbọ́ ọ: "Hàúù! Hàúù! Họ̀-họ̀-họ̀!"

"Ìyá Promise nìyẹn!" ni Sunday wí. Ó yí orí ọkọ̀, ó sì gúnlẹ̀ sí ẹsẹ̀ àtẹ̀gùn Àràmídé gan-an.

Lọ́jọ́ ìsinmi tó tẹ̀lé e, a dúpẹ́ lórí ikọ́ náà ní ṣọ́ọ̀ṣì. Èmi ni mo gbàdúrà pé kí Ọlọ́run má jẹ́ kó dá láé. Gbogbo ìjọ ṣe àmín. Àràmídé náà ṣe àmín, ó fi ikọ́ mẹ́ta tì í lẹ́yìn, a sì pàtẹ́wọ́.

Kò pẹ́ sígbà náà ni Promise, tó ń gbé pẹ̀lú ọkọ rẹ̀ ní Ìgbọ́kọ̀dá, lóyún àkọ́kọ́. Háà! Ẹ ò rí Àràmídé! Ó ra bàsíà, ó ra kànrìnkàn, ó se àdí àgbọn ìgò mẹ́fà fún ọmọ tí kò tíì ní eékánná. Lọ́dọ̀ tiwa, ìyá ìyá ló ń wẹ ọmọ tuntun. Ìwẹ̀ náà kì í ṣe ìwẹ̀ lásán: a ó na apá rẹ̀, a ó na ẹsẹ̀ rẹ̀, a ó jù ú sókè, a ó sì hán an, títí ọmọ yóò fi pariwo tí àdúgbò á fi mọ̀ pé èèyàn ti dé. Àràmídé ti ń fi ẹja àrọ̀ dánra wò. Mo fojú mi rí i.

Lọ́jọ́ kan, Promise wà níbi tí wọ́n ti ń yẹ oyún wò, ó pe ìyá rẹ̀ lórí fóònù, ó sì tẹ̀ ẹ́ kí ohùn lè jáde síta. Àràmídé ní "Ọma mi," kó tó sọ ìkejì, ikọ́ ti gba ọ̀rọ̀ náà lọ́wọ́ rẹ̀. Nọ́ọ̀sì kan tó ń jẹ́ Khalidat, ọmọbìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ tó máa ń wé ìborí aláwọ̀ ojú ọ̀run, ń kọjá lọ. Ó dúró.

"Ta ló ń wúkọ́ yẹn?"

"Màmá mi ni," ni Promise fi ẹ̀rín dáhùn. "Ikọ́ wọn lókìkí, àwọn ọkọ̀ fi ń mọ̀nà."

"Láti ìgbà wo?"

"Èéfín ni, wọ́n ti ń wú u tipẹ́. Àmọ́ ọdún yìí ló wá lágbára báyìí."

"Ṣé wọ́n ń rù?"

Ẹ̀rín Promise dúró. "Aṣọ wọn ti ń tóbi jù wọ́n lọ."

Ní ọjọ́ kejì, Khalidat bá ọkọ̀ Sunday dé Abereke, ó gbé àpò kan tí ife kéékèèké onídèérí wà nínú rẹ̀.

"Màmá, ẹ bá mi wúkọ́ sínú ife yìí, kó ti ìsàlẹ̀ àyà yín wá."

"Ikọ́ lo wá rà?" ni Àràmídé bi í. "Ẹja ni mò ń tà."

"Ẹ̀bùn ni kí ẹ fi ṣe fún mi, Màmá."

Àràmídé fẹ́ràn kí wọ́n yẹ́ òun sí. Ó jókòó dáadáa, ó mí sínú, ó sì fi kẹ̀lẹ̀bẹ̀ kún ife náà. Beauty sáré dé, ó ní tòun náà ń kọ́, wọn ò gbọdọ̀ ṣe ojúsàájú. Khalidat fún un ní ife tirẹ̀. Ó tún gba tèmi, ó sì ní òun ti gba ti Promise lánàá.

Ní ọjọ́ karùn-ún ni èsì dé. Promise mọ́, èmi náà mọ́. Ti Beauty, wọ́n ní itọ́ lásán ló wà níbẹ̀, kò sí kẹ̀lẹ̀bẹ̀ kankan. Beauty bínú fún ọjọ́ méjì. Inú ti Àràmídé ni wọ́n ti rí ikọ́ ẹ̀gbẹ.

"Oṣù mẹ́fà lẹ máa fi lo oògùn," ni Khalidat wí. "Ọ̀fẹ́ ni. Tó bá pé oṣù méjì, a ó tún kẹ̀lẹ̀bẹ̀ yín yẹ̀ wò. Títí tí a ò fi ní rí kòkòrò níbẹ̀ mọ́, Màmá, ẹ ò gbọdọ̀ gbé ọmọ tuntun."

Ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá péré ló kù kí Promise bímọ. Àràmídé wo bàsíà tuntun tó gbé kọ́ ara ògiri. Ó gbé e sọ̀ kalẹ̀, ó tún gbé e kọ́ padà. Ó wá kọjú sí nọ́ọ̀sì.

"Irọ́ ni. Èéfín ni. Tí kòkòrò bá wọ inú mi, ṣé ara mi ò ní ṣọ́jà ni?"

"Ó ní, Màmá. Inú ṣọ́jà yẹn gan-an ni kòkòrò náà ń gbé."

"Hẹ̀n?"

"Sẹ́ẹ̀lì kan wà nínú ẹ̀dọ̀fóró yín tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ kó máa gbé kòkòrò mì. Bó bá ti gbé e mì, á tì í sínú àpò kan, á da omi kíkan lé e lórí, kòkòrò á sì yọ́. Ṣùgbọ́n eléyìí, bí wọ́n ṣe ń gbé e mì báyìí ló ń ti ilẹ̀kùn àpò náà láti inú. Omi kíkan á dúró síta. Á wá máa ránṣẹ́ sí sẹ́ẹ̀lì náà pé kò séwu, kó fara balẹ̀. Ọ̀rá inú sẹ́ẹ̀lì yẹn ni yóò máa jẹ, ibẹ̀ ni yóò máa bímọ sí. Bí wọ́n bá kún, wọ́n á fọ́ ilé náà jáde. Sẹ́ẹ̀lì mìíràn á sáré wá pé òun fẹ́ ṣiṣẹ́, á gbé wọn mì, wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀."

Àràmídé rẹ́rìn-ín títí ẹ̀rín fi di ikọ́. "Ẹni tí wọ́n gbé mì ló wá ń jẹ ẹni tó gbé e mì! Baba Kọ́lájọ, ẹ̀yin lẹ kọ́ ọmọ yìí nírọ́!"

Èmi tí mo ti ka ìwé oògùn tó lè kún ọkọ̀ méjì, mo kàn mi orí. Mo ní, "Àràmídé, ìgèrè Ògúnlànà tó wà lábẹ́ ilé yìí, ìgbà wo lo gbé e wò kẹ́yìn?"

Ojú rẹ̀ yí padà. Ìgèrè yẹn ni èyí tí ọkọ rẹ̀ hun kẹ́yìn kó tó kú ní ọdún méjì sẹ́yìn. Òun fúnra rẹ̀ ló so ó mọ́ òpó ẹ̀yìnkùlé, kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ó ń pa edé àti ẹja wẹ́wẹ́. Nígbà tó yá, kò pa nǹkan kan mọ́. Bó bá fa okùn rẹ̀, ó máa ń wúwo, á ní ẹrọ̀fọ̀ ló kún un, á sì fi sílẹ̀ kó máa sinmi.

"Kí ni ìgèrè ọkọ mi ṣe fún ikọ́?"

"Jẹ́ ká fà á."

Èmi, òun àti nọ́ọ̀sì la jọ fà á. Nígbà tí ìgèrè yọ lójú omi, Khalidat kígbe, "Lá ìlàhà!" Ẹja àrọ̀ kan ló wà níbẹ̀. Orí rẹ̀ tó orí èmi yìí, irùngbọ̀n rẹ̀ sì gùn ju tèmi lọ. Ó ti yí po nínú ìgèrè bí okùn tí wọ́n ká, ọ̀rá ń yọ lára rẹ̀. Nígbà tó ṣì kéré ló ti wọlé. Dípò kó wá ọ̀nà jáde, ó jókòó. Ìgèrè ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀, ó ń mú edé wọlé, ó ń mú ẹja wẹ́wẹ́ wọlé, òun náà ń gbé wọn mì lójú ẹnu ọ̀nà.

"Màmá!" Khalidat ń fò sókè lórí afárá pákó. "Màmá, bó ṣe ń ṣe gan-an nìyí! Ẹ wò ó!"

Àwọn èèyàn sọ pé ó kàn bọ́ sí i ni. Ẹ má dá wọn lóhùn. Mo ti mọ̀ pé ẹja wà níbẹ̀ láti ọdún tó kọjá, àsìkò tó yẹ ni mò ń dúró dè.

Àràmídé jókòó sórí pákó, ó wo ẹja náà, ẹja náà wò ó.

"Àṣé ìgèrè ọkọ mi ló ń bọ́ ọ," ló sọ, ohùn rẹ̀ wálẹ̀. Lẹ́yìn náà ló ní, "Báwo la ṣe máa yọ ọ́?"

Ẹnu ìgèrè tó gbà wọlé ti kéré jù fún un. Ohun kan ṣoṣo ló kù: ká gé òpá ìgèrè náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Òun náà ti rí i. Ó fọwọ́ pa ibi tí Ògúnlànà ti fi okùn pupa di etí rẹ̀. Ó na ọwọ́ kejì sí mi.

"Ẹ fún mi lọ́bẹ."

Òun fúnra rẹ̀ ló gé e, òpá kan, òpá kejì, òpá kẹta. Nígbà tó kan ìkẹwàá, àrọ̀ náà fò jáde, ó fi ìrù gbá mi létí, mo sì ṣubú sínú omi pẹ̀lú fìlà. Láti inú omi ni mo ti gbọ́ tí Àràmídé ń rẹ́rìn-ín, tó ń wúkọ́, tó ń sọ fún nọ́ọ̀sì pé, "Mú oògùn rẹ wá! Èyí tó bá ń sanra nínú mi, á jáde!"

Khalidat fi mí ṣe ẹlẹ́rìí. Ní àràárọ̀, níwájú mi ni Àràmídé gbọ́dọ̀ gbé oògùn náà mì. Ó ní àwọn kòkòrò tó bá lajú á tètè kú, àwọn tó sùn sínú sẹ́ẹ̀lì ló ń pẹ́, ìdí nìyẹn tí oṣù mẹ́fà fi jẹ́ oṣù mẹ́fà. Àràmídé ní òun mọ̀, òpá kan lóòjọ́. Nọ́ọ̀sì ní kó máa ṣí fèrèsé sílẹ̀, kó sì máa fi aṣọ bo ẹnu. Ohun tó gbàgbé láti tètè sọ ni pé oògùn náà máa ń mú kí ìtọ̀ pọ́n bí epo pupa. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, igbe tí Àràmídé ké láti ilé ìtọ̀ mú kí ọkọ̀ ẹja méjì ní ojú òkun yí padà.

Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kẹrin, ikọ́ náà pàdánù ègbè rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kẹfà, àárín lọ. Àràmídé bẹ̀rẹ̀ sí í sanra, ara rẹ̀ ń dán. Ṣùgbọ́n ìlú ò rí ara gbà á sí! Àwọn oníbàárà ń kọjá lọ́dọ̀ rẹ̀ bí ẹni pé iná rẹ̀ ti kú. Sunday wà nínú kùrukùru lówùúrọ̀ ọjọ́ kan, ó dákẹ́, ó fetí sílẹ̀, kò gbọ́ nǹkan. Etikan, ìlú mìíràn, ló lọ gúnlẹ̀ sí, àwọn èrò inú ọkọ̀ sì bú u títí wọ́n fi délé. Àgbààgbà mẹ́ta wá bá Àràmídé pé kó jọ̀ọ́, kó máa wú díẹ̀ péré, ní àárọ̀ nìkan, nítorí ọkọ̀.

"Ẹ lọ bá Beauty!" ni Àràmídé sọ. "Èmi ní ọmọ tí mo fẹ́ wẹ̀."

Wọ́n lọ bá Beauty. Beauty wúkọ́ fún Sunday lọ́jọ́ kejì, Sunday sì kó èèyàn méjìlá wọ àárín igi ẹ̀gbà.

Oṣù méjì pé. Ife kékeré dé. Àràmídé jókòó, ó mí sínú, ó ní "hàú." Kò sí nǹkan. Ó tún ní "hàú." Afẹ́fẹ́ tútù ló jáde. Ọkọ̀ tó máa gbé ife lọ ń dúró, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ti fóònù pe pé ìrọbí ti mú Promise láti àná. Láìsí kẹ̀lẹ̀bẹ̀, kò sí èsì. Láìsí èsì, kò sí ọmọ gbígbé. Òógùn bo Àràmídé.

"Ikọ́ tí mo ní tó láti tà fún gbogbo Ìlàjẹ! Ní ọjọ́ tí mo wá nílò ẹ̀kún ṣíbí kan!"

Beauty yọ lẹ́nu ọ̀nà, ó ká ọwọ́ lẹ́yìn. "Ṣé o ti ṣe tán tí o máa jẹ́ kí ọ̀gá kọ́ ọ?"

"Beauty, fi mí sílẹ̀."

"Tẹ̀ síwájú. Fi ọwọ́ ti ikùn. Má fi ọ̀nà ọ̀fun ṣe é, ìsàlẹ̀ ni kó ti wá. Ó tó ogún ọdún tí mo ti ń wú ikọ́ tí n kò ní, ìwọ ò lè wú èyí tí o ní rí? Mí! Tún mí! Ó yá, rò pé ọkọ̀ ń bọ̀!"

Ìgbà keje ló jáde, ó kéré bí ẹyin edé, ṣùgbọ́n ó tó. Àwọn méjèèjì dì mọ́ra, wọ́n ń fò, ilé olópòó ń mì. Èmi ni mo fi ìdérí dé ife náà, nítorí ọwọ́ mi kì í gbọ̀n.

Promise bí ọmọbìnrin lọ́jọ́ náà. Lẹ́yìn ìyẹn ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì kú. Odindi ọjọ́ mẹ́fà ni Àràmídé fi ń rìn láti bàsíà dé àtẹ̀gùn, láti àtẹ̀gùn dé bàsíà. Kò mọ èsì. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ keje, kùrukùru bo gbogbo ibi. A gbọ́ ẹ́ńjìnnì. Ó sún mọ́ wa, ó dákẹ́, ó tún bẹ̀rẹ̀, ó sì ń lọ sí apá òkun.

"Ọkọ̀ Sunday láti Ìgbọ́kọ̀dá nìyẹn," ni mo wí. "Ó ti ṣìnà."

Àràmídé bọ́ sí ìdí àtẹ̀gùn. Mo rí àyà rẹ̀ tó gbé sókè, tó ń gbé sókè, bí ìgbòkun tí atẹ́gùn wọ̀. Nígbà tó la ẹnu, kì í ṣe ikọ́ ló jáde.

"PROMIIIIISE!"

Mo búra, kùrukùru náà là sí méjì. Ẹyẹ gbéra ní Oríòkè-Ìwàmímọ́, tí í ṣe ìlú kejì. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, kò sí ikọ́ tó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ láàárín. Ẹ́ńjìnnì yí padà. Imú ọkọ̀ yọ, Sunday ń rẹ́rìn-ín nídìí rẹ̀, Promise jókòó láàárín pẹ̀lú ìdì funfun lọ́wọ́, Khalidat sì dúró níwájú, ó na bébà kan sókè tí atẹ́gùn fẹ́ gbà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Kò sí, Màmá! A ò rí ìkankan! Ṣùgbọ́n oògùn oṣù mẹ́rin ṣì kù o, ẹ má dúró!"

"Ta ló fẹ́ dúró? Gbé ọmọ mi wá!"

Omi ti gbóná kí wọ́n tó dé òkè àtẹ̀gùn. Àràmídé gbé ọmọ náà, ó gbóòórùn orí rẹ̀, ó sì gbé e sínú bàsíà. Ó na apá, ó na ẹsẹ̀, ó jù ú sókè, ó hán an. Ọmọ náà ké igbe kan tó dé ojú òkun. Kí n tó ṣẹ́jú, ọkọ̀ oníbàárà méjì tó ti kọjá lọ ti yí orí padà, wọ́n ń bọ̀ wá gúnlẹ̀ sọ́dọ̀ wa. Beauty, lórí pèpéle tirẹ̀, ní ìyẹn kì í ṣe ìdíje mọ́, ìrẹ́jẹ ni.

Mo wo inú ọkọ̀ mi tí mo so sábẹ́ fèrèsé. Ẹja mẹ́rin ló wà níbẹ̀.